Àwòrán Àdéhùn àti Àwòrán Àlàbápàdé: Lámèyítọ́ Lórí Kámẹ́rà Ńlá àti Kámẹ́rà Àpò

Nígbà tí owó bá dé ọwọ́ ọ̀dọ́ ayàwòrán, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ dojú kọ ni pé: ṣé kámẹ́rà ńlá tí wọ́n ń pè ní DSLR ni kí òun rà ni, àbí kámẹ́rà kékeré tó wọ àpò? Mẹ́gápísẹ́ẹ̀lì, iye owó àti bí lẹ́ńsì ṣe lè fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra tó ni àwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn sábà máa ń kà fún un. Gbogbo ìyẹn wúlò, ṣùgbọ́n kò dé gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Lójú tèmi, àjọṣe tí yóò wà láàárín ayàwòrán àti ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ ni à ń yàn nígbà tí a bá ń yan kámẹ́rà. Kámẹ́rà ńlá ń béèrè àdéhùn: ẹni tí a fẹ́ yà mọ̀, ó gbà, ó sì múra. Kámẹ́rà àpò ń fàyè gba àlàbápàdé: ayàwòrán bá ìṣẹ̀lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì mú un kó tó kọjá lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà tirẹ̀, òṣùwọ̀n tirẹ̀ ló sì yẹ kí alámèyítọ́ fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀nà àdéhùn ni fọ́tò gbà wọ àwùjọ Yorùbá. Ní ọdún 1978, ìwé àtìgbàdégbà African Arts tẹ àpilẹ̀kọ Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, jáde lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń fi fọ́tò wo ara wọn. Ìlá Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé fọ́tò àwọn àgbà ní ìlànà tí kì í yẹ̀: ẹni tí a ń yà jókòó, ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ó gbọ́wọ́ lé itan, ó ya ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ dáadáa, ojú rẹ̀ sì balẹ̀. Gbogbo ara ló máa ń hàn, láti fìlà dé bàtà. Sprague so èyí pọ̀ mọ́ ìlànà àwọn agbẹ́gilére: kí àwòrán jọ ẹni náà, síbẹ̀ kó fi í hàn nínú ìdúró iyì rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó fi agbára àdéhùn yìí hàn jù lọ ni fọ́tò ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ayàwòrán lè ya èyí tó kù, kó tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, wọn a wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ tó kù, wọn a yà á, wọn a sì tún wọ aṣọ obìnrin fún un, kí wọ́n tó so méjèèjì pọ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi tàn jẹ. Òbí mọ̀, ayàwòrán mọ̀, ẹbí mọ̀. Òtítọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni fọ́tò náà dúró fún, pé ìbejì kì í ṣe ẹyọ kan. Irú àwòrán báyìí kò lè ti inú àlàbápàdé wá. Ìfohùnṣọ̀kan ló bí i.

DSLR ni mo kà sí àrólé àṣà àdéhùn yẹn lóde òní. Nínú rẹ̀, dígí kan ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí lọ sí ihò ìwòran, kí ojú ayàwòrán lè rí ìmọ́lẹ̀ gan-an bó ṣe ń wọlé, láìsí ìdádúró. Nígbà tó bá tẹ bọ́tìnì, dígí náà á fò sókè, ìmọ́lẹ̀ á sì bọ́ sórí sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ full-frame fẹ̀ tó mìlímítà 36 sí 24. Ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.2 sí 4.6 lọ. Ìyẹn ni pé ojú tí ti ńlá fi ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po 30 ti kékeré. Nínú gbọ̀ngàn ìnáwó tí iná rẹ̀ kò tó, ìyàtọ̀ yìí ló ń mú kí ojú ènìyàn mọ́ kedere, tí kò fi rí ṣákaṣàka bí ẹni da iyanrìn sí i.

Ẹ wo ìṣòro kan tí gbogbo ayàwòrán òde mọ̀: ìyàwó aláwọ̀ dúdú nínú léèsì funfun. A ti ṣe kámẹ́rà láti gbà pé, bí a bá pa gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ pọ̀, àwọ̀ eérú ni yóò jẹ́. Tí léèsì funfun bá gba ojú fọ́tò, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ìyàwó á sì ṣókùnkùn. Bí ayàwòrán bá fi ìmọ́lẹ̀ kún un nítorí ojú, iṣẹ́ ọnà ara léèsì á parẹ́ sínú funfun. Níbí ni fáìlì RAW, àwòrán bí sẹ́ńsọ̀ ṣe gbà á gan-an, ti ń gba ni. Fáìlì RAW oní-14-bit lè pín ìmọ́lẹ̀ sí ìpele 16,384, níbi tí JPEG ti ní 256 péré fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú ààyè tó gbòòrò bẹ́ẹ̀ ni ayàwòrán ti lè dá ojú àti aṣọ sí pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ iyì sì ni èyí jẹ́ fún wa, nítorí fọ́tò tó fi aṣọ hàn tó sì pa ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ rẹ́ ti da àdéhùn.

Ibi tí ayàwòrán dúró sí tún ṣe pàtàkì. Bí ó bá sún mọ́ ènìyàn jù pẹ̀lú lẹ́ńsì fífẹ̀ tó wà lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré, imú á tóbi, etí á sì fà sẹ́yìn. Lẹ́ńsì 85mm lára DSLR full-frame ń jẹ́ kó dúró ní mítà méjì tàbí mẹ́ta, kí ojú lè wà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ìjìnnà yìí náà jẹ́ ọ̀wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìrísí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀: nígbà tí ayàwòrán bá gbé DSLR jáde níbi ìgbéyàwó, àwọn àlejò á tún gèlè ṣe, wọn á na agbádá, wọn á sì tò bó ṣe yẹ. Kámẹ́rà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì.

Ìtàn kámẹ́rà kékeré gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1900 ni Kodak gbé Brownie jáde ní dọ́là kan, kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ lè ya fọ́tò. Ní 1925 ni Leica dé ọjà, ó sì mú kí ayàwòrán lè máa rìn láàárín èrò láìgbé ẹrù wúwo. Ìran rẹ̀ lóde òní ni kámẹ́rà bíi Ricoh GR III, tó jáde ní 2019. Gíráàmù 257 péré ló wọ̀n pẹ̀lú bátìrì àti káàdì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ APS-C, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ DSLR. Ẹ fi wé Canon 5D Mark IV pẹ̀lú lẹ́ńsì 24-70mm f/2.8: àpapọ̀ wọn tó nǹkan bíi kílò kan àti gíráàmù 700. Ayàwòrán tó gbé èyí kọ́rùn láti àárọ̀ dé alẹ́ ní ọjà Balógun tàbí Dùgbẹ̀ yóò mọ̀ pé ìwúwo ń yí ohun tí ojú ń wá padà. Ara tó rẹ̀ kì í dúró de ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n àǹfààní tó ga jù lára kámẹ́rà àpò wà níbòmíràn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, DSLR sì máa ń bo ojú ayàwòrán nígbà tó bá gbé e sókè. Ẹni tó di kámẹ́rà kékeré mú síwájú àyà lè máa wo ènìyàn lójú, kó kí i, kó rẹ́rìn-ín sí i, kó sì ya fọ́tò. Kò sí dígí tí yóò fò sókè, ìró rẹ̀ kò sì le. Ricoh GR tún ń jẹ́ kí a ti pinnu ibi tí fọ́tò yóò ti mọ́ kedere ṣáájú, bóyá mítà méjì ààbọ̀, tí a bá sì tẹ bọ́tìnì lọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kámẹ́rà kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ojú. Daido Moriyama, ayàwòrán ará Japan tó gbajúmọ̀ fún fọ́tò ojú pópó Tokyo, ti fi kámẹ́rà Ricoh GR ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn fọ́tò rẹ̀ ṣókùnkùn, wọ́n rí ṣákaṣàka, àwọn kan sì wọ́. Ẹni tó bá fi òṣùwọ̀n sítúdíò wọn ìyẹn yóò pè é ní iṣẹ́ tó bàjẹ́. Àmọ́ ìgboro tí kò dúró de ẹnikẹ́ni ni Moriyama ń yà, ìrísí fọ́tò náà sì bá a mu.

Ó yẹ kí a dán èrò yìí wò lára àwọn tó dà bí ẹni pé wọ́n ta kò ó. J.D. 'Okhai Ojeikere, tí wọ́n bí ní 1930 ní ilẹ̀ Ẹdó tó sì ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn àti Èkó, fi Brownie bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Láti 1968 ló ti ń ya irun àwọn obìnrin, títí tó fi kó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àrà irun jọ. Lójú pópó, ní ọ́fíìsì àti níbi ìnáwó ló ti ń bá irun náà pàdé. Síbẹ̀ àlàbápàdé kò parí iṣẹ́ náà. Ó ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, ó ń ṣètò ìdúró rẹ̀ níwájú ohun tí kò ní àwọ̀ mèremère, ó sì sábà ń ya orí láti ẹ̀yìn, kí ọgbọ́n ọwọ́ onídìrí, bíi ti irun tí wọ́n ń pè ní Onílé Gogoro, lè fara hàn bí ère. Àlàbápàdé tó di àdéhùn ni iṣẹ́ rẹ̀, ìdí sì nìyí tí àwọn obìnrin náà fi wà níbẹ̀ pẹ̀lú iyì, bí a kò tilẹ̀ rí ojú wọn.

Akinbode Akinbiyi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Oxford ní 1946 tó ń gbé ní Berlin, ni èkejì. Ó ti fi ẹsẹ̀ rin Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n Rolleiflex onífíìmù, tí kò lè wọ àpò, ló gbé dání. Kí ló mú kó ṣeé ṣe? Ní ìpele àyà tàbí ikùn ni wọ́n ń di Rolleiflex mú, tí ayàwòrán á tẹrí ba wò ó láti òkè. Kò bo ojú, kò sì nà sí ènìyàn bí ẹni na ìbọn. Ẹ̀kẹta ni Alex Majoli, ará Ítálì nínú ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Magnum, tó lo kámẹ́rà kékeré Olympus nínú iṣẹ́ ìròyìn ogun ní Kóńgò àti Ìráàkì, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kámẹ́rà ńlá nìkan ló tọ́. Àwọn mẹ́ta yìí kò fọ́ èrò mi. Wọ́n ń tún un ṣe ni. Títóbi àti kíkéré kámẹ́rà ṣe pàtàkì dé ibi tó bá ti yí ìdúró ayàwòrán níwájú ènìyàn padà. Ìdúró yẹn ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ibẹ̀ náà ni ewu kámẹ́rà àpò wà. Nítorí pé kì í pariwo, ó rọrùn láti fi jí àwòrán ènìyàn: ẹni tó ń sunkún, ọmọdé tó wà níhòòhò lójú òjò, aláàrù tí ẹrù tẹ̀ lórí ba. Kíkéré kámẹ́rà kò fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti fi ìyà ẹlòmíràn ṣe ọ̀ṣọ́. Àlàbápàdé tó níyì máa ń parí sí ìkíni, ìdúpẹ́, tàbí fọ́tò tí a tẹ̀ tí a sì mú padà lọ fún olóhun. Ẹni tí kò bá lè fi fọ́tò náà han ẹni tó yà kò yẹ kó fi han ayé.

Kí ni kí ọ̀dọ́ wa wá rà? Bí òde ìnáwó, ìgbéyàwó àti fọ́tò àwọn àgbà bá ni yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀, kó ra DSLR, tòkunbọ̀ sì ti tó. Láti 2018 tí Canon àti Nikon ti gbé kámẹ́rà full-frame aláìní-dígí jáde ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti ń ta DSLR wọn, iṣẹ́ tí kámẹ́rà wọ̀nyẹn sì lè ṣe kò dín kù. Kó ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ sórí lẹ́ńsì àti fílàṣì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àdúgbò rẹ̀, ọjà ìyá rẹ̀, ibùdókọ̀ àti àwọn tí kò sẹ́ni tó ń ná owó lé fọ́tò wọn ló ń pè é, kó ra kámẹ́rà àpò oní-sẹ́ńsọ̀ fífẹ̀, kó sì máa mú un kiri lójoojúmọ́.

Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ wọn ń ra kámẹ́rà ńlá nítorí pé òun ló ń sọ wọ́n di fọtogíráfà lójú ará ìlú, nígbà tó jẹ́ pé ojú inú wọn wà ní ìgboro. Báyìí ni fọ́tò òde ìnáwó ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọ̀ wa, tí fọ́tò ọjọ́ lásán sì ṣọ̀wọ́n: ìyá tó ń fẹ́ iná, àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò, ìlà èrò níbi ẹ̀rọ omi. Ìlú tó bá ní àwòrán àdéhùn nìkan yóò fi aṣọ rẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, kò sì ní fi ìgbésí ayé rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kí àwọn alámèyítọ́ àti àwọn tó ń ṣe àfihàn fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwòrán àlàbápàdé ní àyè àti owó tó tọ́ sí i, kí ọmọ tó bá mú kámẹ́rà àpò jáde má baà rò pé eré lòun ń ṣe.