Ta Ló Ni Ohùn Exposé?

Ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ orin sọ pé Exposé, àwọn obìnrin mẹ́ta olórin Miami, kì í ṣe ẹgbẹ́ akọrin rárá: ère ni wọ́n, Lewis Martineé tó ń ṣe orin wọn sì ni agbẹ́gilére. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ló ní, pé wọ́n pààrọ̀ gbogbo wọn, orin sì ń tà. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Àwọn tó ń sọ irú èyí kì í gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù. Iye tó tà ni wọ́n ń kà.

Òótọ́ ni pé Martineé, tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù fún àwọn oníjó ní Miami, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1984, tó sì kọ àwọn orin tó sọ wọ́n di olókìkí. Àwọn ará Cuba pọ̀ ní Miami nígbà náà. Ní 1980 nìkan, nǹkan bí 125,000 èèyàn gba ojú omi láti èbúté Mariel ní Cuba dé Florida. Orin freestyle tó hù níbẹ̀, irú èyí tí Exposé ń kọ, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lù ú, ṣùgbọ́n ìlù náà ń já sáàárín ẹsẹ̀ ijó bíi ti clave àwọn ará Cuba, ìbátan kóńkóló wa. Àwọn kan á fẹ́ kí n dúró síbẹ̀, kí n ní tiwa ni. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni clave gbà kọjá kó tó dé inú ẹ̀rọ Martineé. Lílé àti ègbè ni mo fẹ́ fi wọn orin yìí.

Ẹ mú “Point of No Return”. Sandra Casañas, Alé Lorenzo àti Laurie Miller ló kọ́kọ́ fi ohùn kọ ọ́, ó sì gbajúmọ̀ nílé ijó ní 1985. Lẹ́yìn tí Jeanette Jurado, Gioia Bruno àti Ann Curless rọ́pò wọn, àwọn náà tún un kọ. Àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ awo Exposure ti 1987 ṣì gbé ohùn ti àtijọ́. Ti tuntun ló wà nínú àwọn ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e. Ẹ gbọ́ méjèèjì léra wọn. Orin kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú ti àkọ́kọ́, ohùn ń sáré tẹ̀ lé ẹ̀rọ. Nínú ti èkejì, Jurado ń lé e bí ẹni tó ti pinnu, ẹ̀rọ ló wá ń gbè é. Tó bá jẹ́ pé ère ni wọ́n, ìyàtọ̀ yìí kò ní sí.

Nínú “Let Me Be the One”, Bruno ló ń lé, ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ó sì wúwo. Jurado sì padà sínú ègbè. Nínú “Seasons Change”, tó gba ipò kìíní lórí àtẹ Billboard ní oṣù kejì 1988, Jurado tún gba lílé. Ẹni tó lé lónìí á gbè lọ́la. Orin mẹ́rin láti inú awo àkọ́kọ́ yẹn ló wọ ipò mẹ́wàá òkè.

Nígbà tó di 1990, kókó kan yọ sí Bruno lọ́nà ọ̀fun, ohùn rẹ̀ lọ. Kelly Moneymaker ló rọ́pò rẹ̀ ní 1992. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, “I’ll Never Get Over You Getting Over Me” dé ipò 8. Diane Warren, òǹkọ̀wé orin, ló kọ ọ́, kì í ṣe Martineé. Kí ẹlẹgbẹ́ mi sọ agbẹ́gilére tó gbẹ́ ìyẹn.

Ẹ̀rí tó tóbi jù kò tilẹ̀ sí nínú orin. Ilé-iṣẹ́ kan ní òun ló ni orúkọ Exposé, ó sì gbé àwọn obìnrin náà lọ sí kóòtù. Ta ni aráàlú mọ̀ tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ náà? Ìbéèrè tí àwọn adájọ́ yẹ̀ wò nìyẹn, tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fi dá Jurado, Curless àti Bruno láre ní 2011. Nígbà yẹn, ohùn Bruno ti padà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti wà lórí ìtàgé pọ̀, tí wọ́n ń lé, tí wọ́n ń gbè.