Ìjà Zeus àti Typhon: Ohun tí Ìṣẹ́gun Kò Parí

Nínú àwọn ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, kò sí ìjà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn tó ti Zeus, ọba òfurufú, pẹ̀lú Typhon, abàmì ẹ̀dá tí ọgọ́rùn-ún orí ejò wà ní èjìká rẹ̀. Akéwì Hesiod ni ó sọ ọ́ nínú Theogony, ní nǹkan bí 700 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Iná ń kọ mànà ní ojú ẹ̀dá náà. Nígbà mìíràn a dún bí akọ màlúù, nígbà mìíràn a bú bí kìnnìún. Zeus fò sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè Olympus, ó sán ààrá lù ú, ilẹ̀ sì yọ́ bí irin ti í yọ́ nínú iná alágbẹ̀dẹ. Níkẹyìn ó jù ú sínú Tartarus, ọ̀gbun ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa yin ààrá náà, wọn a sì pa ìwé dé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣòro fún akéwì láti mú ààrá sán. Ohun tí ó ṣòro ni kí ó sọ òtítọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́gun, Hesiod sì sọ ọ́. Ó ní láti ara Typhon tí a ti ṣẹ́gun ni àwọn ẹ̀fúùfù búburú ti ń jáde, tí ń tú ọkọ̀ ká lójú òkun, tí ń pa atukọ̀, tí ó sì ń ba oko jẹ́ lórí ilẹ̀. Ọba òfurufú borí, ṣùgbọ́n apẹja ṣì ní láti ṣọ́ra.

Ìtàn tiwa náà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Olókun pe Olódùmarè níjà láti mọ ẹni tí aṣọ rẹ̀ dára jù, Agẹmọ ni Olódùmarè rán sí i. Gbogbo aṣọ tí Olókun wọ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni Agẹmọ gbé wọ̀, títí Olókun fi túúbá. Olókun túúbá, ṣùgbọ́n òkun kò gbẹ.

Ọmọ Ìlàjẹ mọ ìtumọ̀ èyí. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, ti pàdánù ilé àti òpópónà púpọ̀ fún ìgbì tí ń jẹ etíkun. Kò sí ààrá tí yóò pa irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Odi tí a bá mọ lónìí, a ó tún un ṣe lọ́la. Ẹni tí ó ń retí akọni kan tí yóò parí gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ìdajì ìtàn ni ó kà.

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ka ìtàn akọni, ẹ má ṣe dúró níbi tí ọ̀tá ti ṣubú. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì bi ara yín léèrè pé: iṣẹ́ wo ni ó kù fún wa?