Ẹ̀rín Inú Ìwé Àlọ́ Ìjàpá

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó gbà pé bí ènìyàn bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó ti kúrò ní ẹni tí í ka àlọ́ Ìjàpá. Ẹ ti fi í sílẹ̀ fún àwọn àbúrò yín ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ń wá ìwé tí ó nípọn kiri. Èmi kò bá yín jà nítorí ìwé tí ó nípọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àkójọpọ̀ àlọ́ Ìjàpá wà lára àwọn ìwé tí ó kún fún ọgbọ́n àti ìyàlẹ́nu jù lọ tí a ní ní èdè Yorùbá, àti pé àwa olùkọ́ gan-an ni a ba adùn rẹ̀ jẹ́ fún yín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, ọmọ Ìpetumodù, ẹni tí ó kọ́ni fún ọdún púpọ̀ ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, ní ẹ̀gbẹ́ Bàrígà wa níhìn-ín, ni ó ṣe èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ìwé náà. Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ni orúkọ rẹ̀; apá kìíní jáde ní ọdún 1973. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó ti kọ ìwé ńlá lórí ìjálá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó jáde ní ọdún 1966. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀mọ̀wé tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí ohùn àwọn ọdẹ kò ka ọ̀rọ̀ ahun sí ohun tí kò yẹ òun. Èmi tún ní òmíràn nílé, tí ó ti gbó, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já dànù pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kó o jọ. Nípa ìwé aláìlórúkọ yìí ni mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ń kà yìí.

Mo gbé e lọ sí Ṣómólú kí wọ́n bá mi tún un dì. Ẹni tí ó bá mọ Ṣómólú mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Láti òpópónà kan dé òmíràn ni ariwo ẹ̀rọ ń dún. Níhìn-ín wọ́n ń gé pépà, lọ́hùn-ún wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ìwé, ọmọ iṣẹ́ sì ń ru ìdì pépà kọjá láàárín mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìkésíni ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ilé-ẹ̀kọ́: kò sí ohun tí wọn kì í tẹ̀. Ẹni tí mo gbé ìwé mi fún ní kí n padà wá ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo padà dé, wọn kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ yìí ni kò jẹ́ kí n rí i gbà lọ́wọ́ wọn." Òótọ́ ni. Ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó lórí ìdì pépà, ọ̀kan ń kà, èkejì ń gbọ́, iṣẹ́ òòjọ́ wọn sì wà nílẹ̀. N kò lè bínú. Mo ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ìgbà mélòó ni mo rí ọmọ tí a ní láti gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó lè ṣiṣẹ́?

Nígbà tí ìwé náà wá délé nígbẹ̀yìn, mo rí i pé ewé méjì ti gba ipò ara wọn. Inú àlọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni èyí sì ti ṣẹlẹ̀, èyíinì ni àlọ́ Ìjàpá àti àna rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ìjàpá lọ jí iṣu wà nínú oko àna rẹ̀. Àna mú un, ó sì so ó mọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Ní òwúrọ̀, àwọn tí ń lọ sí oko àti ọjà rí i, wọ́n bèèrè ohun tí ó ṣe. Bí wọ́n ti gbọ́, ẹnu yà wọ́n: irú ìwà wo nìyí, kí ènìyàn máa ja àna rẹ̀ lólè? Wọ́n dá àna láre, wọ́n bá tiwọn lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn èrò kan náà ń padà bọ̀, wọ́n sì bá Ìjàpá níbi tí wọ́n fi í sí, tí oòrùn ti pa á, tí ọ̀fun rẹ̀ ti gbẹ. Wọ́n yíjú sí àna. Ṣé láti òwúrọ̀ ni? Nítorí iṣu? Ọkọ ọmọ rẹ̀ kọ́ ni èyí? Àna tí ó jàre ní òwúrọ̀ wá jẹ̀bi ní ìrọ̀lẹ́.

Nínú ìwé mi bí wọ́n ti dì í, ìrọ̀lẹ́ ṣáájú òwúrọ̀. Àwọn èrò kọ́kọ́ bá àna wí, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bú Ìjàpá. Mo kà á bẹ́ẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó sọnù, síbẹ̀ ẹ̀rín kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó di ìròyìn olè kan tí a mú, tí a sì bú. Ìgbà náà ni mo tó mọ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí ti gbọ́n tó. Ẹ wò ó: láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Ìjàpá kò ṣe ohunkóhun. Kò purọ́, kò bẹ̀bẹ̀, kò já okùn. Àna rẹ̀ náà kò ṣe ohunkóhun, èyí gan-an ni ó sì dá a lẹ́bi. Oòrùn nìkan ni ó rìn. Nínú àlọ́ mìíràn, ọgbọ́n Ìjàpá ni ó ń yà wá lẹ́nu. Nínú èyí, ọ̀rọ̀ ara wa ni ó yà wá lẹ́nu, nítorí àwa tí a ń kà á ti bá àwọn èrò dájọ́ ní òwúrọ̀, a tún bá wọn dájọ́ ní ìrọ̀lẹ́, a kò sì mọ ìgbà tí a kúrò ní ìhà kan bọ́ sí èkejì.

Ó yẹ kí n mọ èyí ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 1985, nígbà tí n kò tíì pẹ́ nínú iṣẹ́ olùkọ́, mo ka àlọ́ yìí fún kíláàsì kẹfà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Mo sì kọ ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń kọ sójú pátákó: Kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú ìtàn yìí? Ìdáhùn tí mo ń retí ni pé kò dára láti jalè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo kíláàsì ni ó kọ ọ́, mo sì fún gbogbo wọn ní máàkì. Ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá mú olè, kí ó tú u sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo fi bírò pupa fagi lé e. Kò tán síbẹ̀. Mo kà á sókè kí àwọn yòókù lè fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ọmọ náà dorí kodò. Títí ọdún náà fi parí, kò nawọ́ sókè mọ́ nígbà tí a bá ń ka ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni òun nìkan ni ó ka àlọ́ náà dé ìparí. Èmi àti àwọn yòókù kò kúrò ní òwúrọ̀.

N kò sọ pé àlọ́ kò ní ẹ̀kọ́ nínú. Ìwé tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí pàápàá, nítorí ẹ̀kọ́ ni a ṣe tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀kọ́ kí ó tó rẹ́rìn-ín, èyí tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àlọ́ fìlà. Ìjàpá lọ kí àna rẹ̀, ó bá ẹ̀bẹ gbígbóná lórí iná, ojúkòkòrò mú un, ó bù ú sínú fìlà, ó sì dé e mọ́rí. Ó fẹ́ máa lọ kíákíá. Àna rẹ̀ jẹ́ ènìyàn rere. Ó ní òun yóò sìn ín díẹ̀. Ó bèèrè àlàáfíà Yánníbo, ó bèèrè ọ̀rọ̀ oko, ó bèèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ta ni ó jẹ́ sá fún ìkíni àna rẹ̀? Ìjàpá ń dáhùn, ó ń tẹrí ba, orí rẹ̀ sì ń jó. Kò sí ọ̀rọ̀ búburú kan ní ẹnu àna. Bí ó ti ń ṣe dáadáa sí i ni iná náà ń mú sí i. Àwa tí a mọ ohun tí ó wà lábẹ́ fìlà ni ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Bí a bá ní kí a pa àlọ́ yìí fún àjèjì, a ní láti kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ti ń kí àna, nígbà tí a ó bá sì fi ṣàlàyé tán, ẹ̀bẹ ti tutù.

Àwọn kan ní àlọ́ kò yẹ inú ìwé, pé ẹnu àgbà àti ègbè àwọn ọmọdé ni ó bá a mu. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Orin inú ìwé dà bí ẹja gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ìwé fún wa ní ohun kan tí ẹnu kò fún wa: a lè ṣí i padà sẹ́yìn. Nígbà tí Ìjàpá jẹ àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kí ó lè lóyún, tí ikùn òun fúnra rẹ̀ sì wú, ẹ padà sí ibi tí babaláwo ti kìlọ̀ fún un kí ó má fi kan ẹnu. Ẹ ti kọjá níbẹ̀ láìbìkítà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka irọ́ tí ó lọ pa lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni ó kọ gbòǹgbò, ọwọ́ òun ni ó kan ọbẹ̀, ọwọ́ náà ni ó sì kan ẹnu. Gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ni ó ṣẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìjàpá nìkan ni kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ahun yìí rìn jìnnà ju bí ẹ ti rò lọ. Ní ọdún 1971, ọdún méjì ṣáájú ìwé Babalọlá, obìnrin ará Kúbà kan, Lydia Cabrera, tẹ àkójọpọ̀ kan jáde ní Miami ní èdè Sípéènì. Ayapá ni ó pè é. Ẹ pe orúkọ náà dáadáa: Àjàpá ni. Ẹnu àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa ni irú ìtàn wọ̀nyí ti yè ní Kúbà. Wọ́n gba ilé àti orúkọ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn, wọn kò rí ahun gbà. Ó yé mi. Ẹranko kékeré tí kò lè sáré, tí kò ní eyín, tí ẹnu rẹ̀ nìkan ń yọ, ta ni yóò wúlò fún jù wọ́n lọ?

Kì í ṣe gbogbo àlọ́ inú irú ìwé yìí ni ó dọ́gba. Ẹni tí ó bá ka mẹ́wàá léra lé yóò máa mọ ibi tí ọ̀pọ̀ ń lọ kí ó tó débẹ̀. Méjì ní ọjọ́ kan tó. Bẹ́ẹ̀ ni àlọ́ Erin, tí Ìjàpá fi orin àti ìlérí oyè tàn wá sí ìlú, tí ó fi jìn sínú kòtò tí a tẹ́ ẹní sí lórí, kì í pa mí lẹ́rìn-ín mọ́. Erin kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọdé máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Èmi ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a fi ìlù sìn dé etí kòtò.

Mo gbé ìwé mi padà lọ sí Ṣómólú nítorí àwọn ewé méjì náà. Ọ̀gá bẹ̀ mí, ó sì pe èyí tí ó ń kàwé nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ó tún un ṣe. Ọmọ náà tú u, ó to òwúrọ̀ ṣáájú ìrọ̀lẹ́, ó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó sì bi mí pé, "Bàbá, lójú tiyín, ta ni ó jẹ̀bi?" Mo ní kí ó kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ó ní àna ni. Èkejì ké láti ìdí ẹ̀rọ pé irọ́ ni, ta ni ó rán an lọ jí iṣu? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, ọ̀gá wọn pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n kọjú sí iṣẹ́, ẹ̀rọ gbéra, n kò sì gbọ́ ìyókù.