Ibi tí Chume Yà sí: Ẹni tí ó Kọ Wòlíì Sílẹ̀ nínú Àwọn Eré Jero ti Wọlé Ṣóyínká

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe The Trials of Brother Jero ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ọdún 1960 ni àwọn òǹwòran ti ń fi Chume rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà tọ́, nítorí eré apanilẹ́rìn-ín ni Ṣóyínká kọ. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri, tí ó ń bẹ wòlíì rẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí ó jọ̀wọ́ kí ó jẹ́ kí òun na ìyàwó òun lẹ́ẹ̀kan péré, kò lè ṣàì pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ka eré náà ka Chume sí òmùgọ̀ tí a kàn fi ṣe àtẹ̀gùn kí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ Jero lè hàn. Ìwòye tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ yàtọ̀. Chume ni ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo nínú àwọn eré méjèèjì tí ó gba wòlíì gbọ́ tọkàntọkàn, tí ó rí àṣírí rẹ̀, tí ó sì jáde. Nígbà tí wọ́n tẹ Jero's Metamorphosis pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ ní ọdún 1973, òǹkàwé rí ibi tí ìjáde náà gbé e dé. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ bi àwọn eré yìí nìyí: kí ni ó ń kù lọ́wọ́ ẹni tí ó já kúrò lábẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tí ó ti gba àkóso ọkàn àti ilé rẹ̀?

Kí ìdáhùn tó lè yé ni, ó yẹ kí á kọ́kọ́ wo irú okùn tí Jero fi so ó. Jero fúnra rẹ̀ kò fi í pamọ́. Nínú ìdásọ̀rọ̀ rẹ̀ sí òǹwòran, ó jẹ́wọ́ pé bí òun bá gba Chume láyè kí ó na Àmọ̀pé, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, kò sì ní nílò òun mọ́. Nítorí náà ó ń dá ìfẹ́ ọkàn ọmọ ìjọ rẹ̀ dúró, ó sì ń pe ìfẹ́ náà ní ẹ̀ṣẹ̀, kí ó lè máa padà wá jẹ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kì í ṣe owó ni Jero ń gbà lọ́wọ́ Chume jù lọ. Ohun tí ó ń gbà ni ẹ̀tọ́ láti dá ìpinnu ṣe nínú ilé ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó mọ ohun tí yóò bá aya rẹ̀ sọ ní alẹ́, ó ti di ẹrú láìsí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Àbùkù kan wà níhìn-ín tí kò yẹ kí á fojú fò dá. Nítorí pé lílu ìyàwó ni Ṣóyínká fi ṣe ìfẹ́ ọkàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ náà, òǹwòran kò lè bẹ̀bẹ̀ fún òmìnira Chume láìbẹ̀bẹ̀ fún egba lẹ́yìn Àmọ̀pé. Àwọn kan lè sọ pé ọgbọ́n ìkọ̀wé ni. Ó jọ pé ọ̀nà tí ó yá ni òǹkọ̀wé kàn gbà.

Èdè Chume fi bí ìdè náà ṣe jinlẹ̀ tó hàn. Gẹ̀ẹ́sì tí ó gún régé ni ó ń gbìyànjú láti sọ nígbà tí ó bá wà níwájú wòlíì, bí ọmọdé níwájú tíṣà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀mí bá gbé e, pijin ni ó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Nígbà tí Jero sá tẹ̀lé obìnrin kan tí ó sì fi ìjọ sílẹ̀ fún un, Chume bẹ̀rẹ̀ ní ìkálòlò, lẹ́yìn náà ni ó bá gbé àdúrà kan tí ó mi gbogbo etíkun: kí ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lónìí di ọlọ́kọ̀ lọ́la, kí ẹni kékeré ní ibi iṣẹ́ di ọ̀gá. Àdúrà tálákà ni, ó sì dùn ju gbogbo ìwàásù Jero lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn nìkan ni Chume fi jẹ́ ti ara rẹ̀ nínú eré náà, abẹ́ orúkọ wòlíì ni ó sì ti rí i.

Bí ó ṣe rí àṣírí náà tún yẹ fún àkíyèsí. Jero gbà á láyè láti na aya rẹ̀ nígbà tí ó mọ̀ pé Àmọ̀pé tí òun jẹ ní gbèsè aṣọ àrán gan-an ni aya náà. Chume gbọ́ igbe obìnrin náà, ó rí i pé iwájú ilé wòlíì ni ó jókòó sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀rọ̀ pọ̀ ní pijin, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ń ka owó ẹyọ nínú òkùnkùn. Ó tọ̀nà pé wọ́n ti tan òun jẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí ó já sí kò tọ̀nà: ó gbà pé àgbèrè ni ó wà láàárín Jero àti Àmọ̀pé, ó sì fa àdá yọ. Bẹ́ẹ̀ gbèsè ni ọ̀ràn náà, àgbèrè kọ́. Ibi yìí ni àfinúrò Ṣóyínká ti mú jù lọ. Ẹni tí ó bá jáde kúrò nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í bá òye tí ó kún jáde. Ìwọ̀n kan ṣoṣo tí wòlíì kọ́ ọ, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ara, ni ó ṣì fi ń wọn gbogbo nǹkan, títí kan wòlíì náà fúnra rẹ̀. Ó ti jáde ní ẹsẹ̀, ọkàn rẹ̀ ṣì wà nínú ìjọ.

Ìdáhùn Jero sí ìjáde náà le ju àdá lọ. Ó pinnu pé òun yóò lo ọlọ́pọ̀ ọ̀rọ̀ ará ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àsọtẹ́lẹ̀ oyè mínísítà mú, kí wọ́n lè gbé Chume lọ sí ilé wèrè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ohun tí orúkọ Yábàá ń já sí ní etí ará Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé wèrè láti ọdún 1907, mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni èyí. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ó dára kí á fi ìdájọ́ yìí wé ti Wòlíì Àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Jero ti fi ìgbà kan jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gba ilẹ̀ etíkun mọ́ ọn lọ́wọ́. Wòlíì Àgbà gbé e ṣépè pé obìnrin ni yóò bà á jẹ́. Èpè burú, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń ṣépè fún ṣì jẹ́ ènìyàn tí ó mọ ohun tí ó ṣe. Ó lè bẹ̀bẹ̀, ó lè fèsì, ó lè lọ bá babaláwo. Ẹni tí a pè ní wèrè kò ní ẹnu mọ́. Ohunkóhun tí ó bá sọ nípa wòlíì láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀rọ̀ wèrè ni. Oníjàádé méjì ni ó wà nínú eré yìí nígbà náà: èyí tí ó kọ́ iṣẹ́ wòlíì kí ó tó jáde, tí ó sì di ọ̀gá, àti èyí tí kò kọ́ ohun kan ju ìgbọ́ràn lọ.

Ìtàn àwọn ìjọ aládùúrà kò ṣàjèjì sí ìyapa. Ọdún 1925 ni Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Nígbà tí ó fi di ọdún 1929, wọ́n ti pín yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yà ní irú ọ̀nà yẹn, àwọn ènìyàn a máa tẹ̀ lé e, a ní orin, a ní aṣọ, a ní ibi tí yóò kó wọn sí. Ìlú Ayétòrò ní etí òkun Ìlàjẹ ni ó jọ ti Chume jù. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn Séráfù kan tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹun, kò sí ẹni tí ó ní ohun ìní ti ara rẹ̀. Ìlú náà lọ́rọ̀ débi pé onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, Stanley Barrett, kọ odindi ìwé lórí ìgbéga àti ìṣubú rẹ̀ ní ọdún 1977. Kí wọ́n tó yí ètò àjọní náà padà, kò nira láti ro ipò ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti kúrò níbẹ̀: àwọ̀n tí ó fi ń pẹja, ọkọ̀ ojú omi, ilé tí ó ń sùn sí, kò sí èyí tí ó lè pè ní tirẹ̀ kí ó gbé e dání. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ibi yìí ka gbogbo aládùúrà mọ́ Jero. Ọ̀pọ̀ ni ó rí ìwòsàn àti iyì níbẹ̀ nígbà tí àwọn ìjọ òyìnbó kò kà wọ́n sí. Okùn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, kì í ṣe àdúrà.

Nínú eré kejì, Chume ti jáde ní ilé wèrè, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ Salvation Army. Fèrè ni wọ́n ń kọ́ ọ. Ọ̀gá rẹ̀, Major Silva, fẹ́ kí ó fun ohun tí ó wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Chume fẹ́ fi ata tirẹ̀ sí i. Ìran yìí kúrú, kò sì wọ́pọ̀ kí lámèyítọ́ dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ Chume ni ó wà níbẹ̀. Ata náà ni àṣẹ́kù ọkùnrin tí ó gbàdúrà ní etíkun. Ìtàn eré ìtàgé Yorùbá gan-an ní ohun tí a lè fi wé e. Dúró Ládiípọ̀ fi ìlù ilẹ̀ wa sí orin Àjíǹde tí ó ṣe ní Ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo ní ọdún 1960, àwọn ará ìjọ sì kọ̀ ọ́. Kò jó ṣọ́ọ̀ṣì náà, kò sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gba òun padà pẹ̀lú ìlù tí ó rọlẹ̀ díẹ̀. Ó gbé ìlù rẹ̀ jáde. Ní ọdún 1962 ó ti ní Mbárí Mbáyọ̀, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ó ṣe Ọba Kò So. Ìyàtọ̀ àárín òun àti Chume kì í ṣe ti ìgboyà. Ládiípọ̀ ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tí kì í ṣe ìjọ ni ó fún un, ó sì ní ìlú tí yóò wò ó. Fèrè Chume, ti ìjọ ni. Aṣọ rẹ̀, ti ìjọ ni.

Ìdí nìyí tí Jero kò fi jìyà púpọ̀ kí ó tó gbà á padà. Inú Chume ń ru nígbà tí wọ́n pàdé, ó rántí ilé wèrè dáadáa. Láàárín ìran kan, ọ̀rọ̀ dídùn ti tu ìbínú náà, ó sì ti di Brigadier nínú ẹgbẹ́ ológun tuntun tí Jero fi ń gba etíkun mọ́ ìjọba lọ́wọ́. Bí a bá fi ojú ìmọ̀ ìfìwàwẹ̀dá wò ó, ó yá jù. Ọ̀rọ̀ àwọn ológun ni ó gba ọkàn Ṣóyínká nígbà náà: ọdún 1971 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè ní gbangba ní Bar Beach, eré náà sì ń fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó nílò Brigadier kan, Chume sì wà nítòsí. Síbẹ̀ ìkánjú òǹkọ̀wé kò ba òtítọ́ ibẹ̀ jẹ́ tán. Aṣọ ológun ni Chume wọ̀ wọlé, aṣọ ológun ni ó wọ̀ jáde. Oyè nìkan ni ó yí padà. Ẹni tí ìjọ kan gbà lẹ́yìn ìjọ mìíràn kò tíì jáde.

Ó tọ́ kí á wo ọ̀ràn yìí láti Ọ̀ffà, kì í ṣe láti Èkó nìkan. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Ọ̀ffà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń lọ sí Èkó láti ṣe irú iṣẹ́ tí Chume ń ṣe. Ìlú tí ìjàkadì jẹ́ orò rẹ̀ ni Ọ̀ffà. Ní ọjọ́ ọdún, Ọlọ́fà àti Ẹ̀ẹ́sà a máa di ara wọn mú lójú gbogbo ènìyàn, ìlú a sì máa wò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì nínú ìjàkadì ni pé òǹwòran wà: ẹni tí a dá yóò dìde, yóò gbọn eruku nù, yóò sì bá àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Bákan náà ni nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé Ọ̀ffà, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ń bẹ lábẹ́ òrùlé kan, àwọn olórò kò sì jìnnà. Ẹni tí ó bá bá olórí ẹ̀sìn rẹ̀ jà yóò bá àbúrò bàbá kan nílé tí kò sí nínú ìjọ náà, tí yóò sọ fún un pé gbèsè ni ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe àgbèrè, fi àdá sílẹ̀. Agbo ilé pẹ̀lú a máa fi ipá di ènìyàn mú, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti wòlíì, àyè sì wà láàárín okùn méjèèjì tí ènìyàn lè gbà kọjá.

Òǹkàwé tí ó bá ti Ọ̀ffà wá yóò béèrè kíákíá pé ta ni ará ilé Chume. Ṣóyínká kò fún un ní bàbá, kò fún un ní ìyá, kò fi ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kankan han òǹwòran. Àmọ̀pé nìkan ni ó ní. Obìnrin yìí kò fi ìgbà kan gba Jero gbọ́. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ó ń béèrè owó rẹ̀, òun sì ni ó kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí wòlíì náà jẹ́. Bí Chume bá ti fetí sí i, bóyá kì bá tí dé ilé wèrè. Nínú eré kejì, Àmọ̀pé kò fi ẹsẹ̀ tẹ ìtàgé rárá, a kò sì rí ẹni tí ó ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ rẹ̀ ní ìgbà tí ó fi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn náà.