DaGrin àti Èdè Ọmọ Ìta
Àwọn kan ní ariwo lásán ni ráàpù. Èmi kò gbà. Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá ṣe é kí DaGrin tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí DaGrin gbé àwo C.E.O. jáde ní 2009, tí ó pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá àgbà ọmọ ìta, gbogbo ìgboro ló gbọ́. Èdè àdúgbò mẹ̀kúnnù ni ó fi sọ ìlàkàkà rẹ̀. Kò yá ẹnu ẹlẹ́nu sọ̀rọ̀.

Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Létí tèmi, ìlù rẹ̀ a máa bo ohùn ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn. Asunrárà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ikú kò jẹ́ kí ó ṣàtúnṣe: ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á ní oṣù kẹrin, 2010. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ ná, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.