Ìwọ̀n Ni Agbọ́tí Ń Wá Lára Gíláàsì Àtijọ́

Bí a bá gbé gíláàsì kọ́kítéèlì tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1930 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá lónìí, ohun àkọ́kọ́ tí ojú yóò rí ni pé ti àtijọ́ kéré. Ó máa ń gba nǹkan bíi mílílítà 120 sí 150. Ti òde òní tó rí bí àrọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ọtí fi ń gbé màtínì síwájú oníbàárà, a máa gba 250, òmíràn a gba 300. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè sọ pé ahun ló ṣe ti àtijọ́. Agbọ́tí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní sọ bẹ́ẹ̀, torí ó mọ ohun tí kékeré yẹn wà fún.

Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn agbọ́tí ní New York àti láwọn ìlú ńlá mìíràn ti ń wá irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ kiri, nínú ọjà àlòkù àti nínú ẹrù àwọn tó ti kú. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí fàájì, tàbí ìfẹ́ ohun ayé àtijọ́ lásán. Ojú kékeré ni wọ́n fi wo iṣẹ́ náà. Gíláàsì ni ìwọ̀n àkọ́kọ́ tí agbọ́tí ní. Òun ló ń pinnu bí ọtí yóò ti pọ̀ tó, bí yóò ti pẹ́ tó nínú òtútù, àti bí ẹni tó ń mu ún yóò ti jókòó tì í pẹ́ tó. Ìlú kan tó yẹ kéèyàn ti gbé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí yẹ̀ wò dáadáa ni Madina, ní Ghana, torí ọtí ìbílẹ̀ àti gíláàsì àlòkù pàdé níbẹ̀.

Àríwá Accra ni Madina wà, nítòsí Yunifásítì Ghana ní Legon. Ọdún 1959 ni Alhaji Seidu Kardo àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ ibẹ̀ dó lórí ilẹ̀ àwọn ará La, wọ́n sì fi orúkọ ìlú mímọ́ tó wà nílẹ̀ Lárúbáwá sọ ọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Legon, Quarcoo, Addo àti Margaret Peil, ṣe ìwádìí wọn níbẹ̀ ní 1967, ìlú tí onírúurú ẹ̀yà ti kóra jọ sí ni wọ́n bá. Mùsùlùmí pọ̀ ní Madina, ọtí kì í sì í wọ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀. Síbẹ̀ àwọn ará àríwá Ghana tó ṣí wá gbé pito, ọtí ọkà wọn, dání, àwọn ará gúúsù sì ní akpeteshie, ọtí líle tí wọ́n ń sè. Bákan náà, bíi ti ọ̀pọ̀ ọjà Accra, ẹrù àlòkù láti òkè òkun, tí wọ́n ń pè ní home-used, kò ṣàjèjì níbẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, àwo, abọ́, àti gíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ilé tó ti wá. Agbọ́tí tó bá lójú inú lè rí nǹkan mú nínú òkìtì bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kó tó mọ èyí tí yóò mú, ó yẹ kó mọ ohun tí yóò dà sínú rẹ̀. Kí ló wà nínú kọ́kítéèlì gan-an? Ìwé ìròyìn kan ní ìlú Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York, ṣàlàyé rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1806: ọtí líle, ṣúgà, omi àti bítà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, omi ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Nígbà tí agbọ́tí bá fi yìnyín ro jíìnì àti vermouth pọ̀ di màtínì, yìnyín náà a máa yọ́ sí i. Bí ó bá wọn mílílítà 60 jíìnì àti 15 vermouth, ohun tí yóò sẹ́ jáde lẹ́yìn ríro yóò sún mọ́ 100. Èyí wọ gíláàsì ọdún 1930 wẹ́kú, ó ku díẹ̀ kó kan etí. Bí agbọ́tí bá da ìwọ̀n kan náà sínú gíláàsì tó ń gba 300, lójú oníbàárà, ńṣe ni wọ́n rẹ́ òun jẹ. Kí ariwo má baà sọ, agbọ́tí yóò dà á ní ìlọ́po méjì.

Ibẹ̀ gan-an ni ọtí ti bàjẹ́. Kò sí yìnyín nínú gíláàsì màtínì; láti ìṣẹ́jú tí wọ́n ti dà á síbẹ̀ ni òtútù rẹ̀ ti ń lọ. Díẹ̀ tó kọ́kọ́ kan ọ̀fun yóò dùn, ṣùgbọ́n kí oníbàárà tó dé ìdajì, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, jíìnì rẹ̀ sì ti ń ta èèyàn lọ́fun. Nínú ooru Accra, tó ń dé ìwọ̀n 30 Sẹ́lṣíọ́sì lọ́pọ̀ ọ̀sán, ìyẹn kì í pẹ́ rárá. Harry Craddock, agbọ́tí Hótẹ́ẹ̀lì Savoy ní London, tó tẹ ìwé ìlànà kọ́kítéèlì rẹ̀ jáde ní 1930, gbà pé kíákíá ló yẹ kéèyàn mu ún. Gíláàsì kékeré ló jẹ́ kí ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣeé tẹ̀ lé.

Fíìmù The Thin Man, tó jáde ní 1934, gbé èyí síwájú wa. Nora Charles wọlé bá Nick ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń mutí, ó bi í pé mélòó ló ti mu. Nígbà tó gbọ́ pé màtínì mẹ́fà ni, ó ní kí agbọ́tí to márùn-ún sí i síwájú òun. Gíláàsì ayé ìgbà yẹn ló jẹ́ kí ìran náà ṣeé gbà gbọ́. Ìran bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́kàn Dale DeGroff nígbà tó ń bójú tó ilé ọtí Rainbow Room ní New York ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ó wá gíláàsì tó jọ ti inú fíìmù náà títí tó fi rí i, ó sì ń pè é ní Nick and Nora. Orúkọ yẹn ni àwọn agbọ́tí ń pè é káàkiri ayé lónìí.

Bí agbọ́tí bá mú gíláàsì àlòkù lọ́wọ́, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń yí sókè. Bí ó bá rí àpá róbótó tó rí gbágungbàgun lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi fẹ́ ẹ, pé orí ọ̀pá irin ló wà kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ kúrò. Bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà títẹ̀ yìí gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1825, nígbà tí Deming Jarves dá ilé iṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ ní Sandwich, ní Massachusetts, òun ló sì jẹ́ kí mẹ̀kúnnù náà lè ra gíláàsì. Lẹ́yìn èyí, yóò wo ibi tí ẹsẹ̀ gíláàsì ti ń kan tábìlì. Gíláàsì tó ti lo ọgọ́ta ọdún lórí tábìlì máa ń ní ìhá tín-ín-tìn-ín, ọ̀kan ń lọ síhìn-ín, ọ̀kan ń lọ sọ́hùn-ún. Èyí tí ẹnì kan fi sáńpépà ha kó lè tà á bí ti àtijọ́, ìhá rẹ̀ a máa dọ́gba jù, gbogbo wọn a dojú kọ ibì kan náà. Níkẹyìn, yóò fi èékánná ta etí rẹ̀. Bí ó bá dún bí agogo, tí ohùn náà falẹ̀ kó tó kú, òjé ló wà nínú rẹ̀.

Òjé ló sọ gíláàsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di olókìkí. Ní 1674 ni George Ravenscroft gba ìwé àṣẹ ní London fún gíláàsì tó ń dán gbinrin. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí òjé fi di èròjà pàtàkì nínú irú gíláàsì bẹ́ẹ̀: ó ń mú kí ó wúwo lọ́wọ́, kí ìmọ́lẹ̀ máa kọ mànà nínú rẹ̀, kí ó sì rọ̀ lábẹ́ irin ẹni tó ń gé e lọ́nà. Òjé kan náà ni ewu rẹ̀. Ní 1991, Graziano àti Blum fi hàn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet pé òjé máa ń ti ara ìgò kírísítà wọ inú wáìnì, àti pé bí ọtí bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni òjé inú rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ohun kíkan tún máa ń fà á jáde ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí ẹwà. Agbọ́tí tó bá ní kírísítà àtijọ́ kò gbọdọ̀ fi pa ọtí mọ́, kò sì yẹ kó da ohun tí ọsàn wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ sínú gíláàsì tó ń dún bí agogo. Gíláàsì tí wọ́n tẹ̀ nínú mọ́ọ̀dù, tí kò ní òjé, ló tọ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n kò ṣàjèjì sí Ghana. Nínú ṣọ́ọ̀bù akpeteshie, tí wọ́n sábà máa ń kùn ní búlúù, gíláàsì kékeré tí wọ́n ń pè ní tot ni òṣùwọ̀n. Oníbàárà kì í béèrè mílílítà. Yóò ní kí wọ́n fún òun ní tot kan, yóò ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn àgbà tó ti lọ, yóò gbé e mì, yóò sì dá gíláàsì padà. Ìtàn ọtí yìí le. Àdéhùn Saint-Germain-en-Laye ti ọdún 1919 ka sísè ọtí líle léèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ àwọn amúnisìn. Nígbà tí ìjọba Gold Coast tún dín jíìnì òkèèrè kù láti nǹkan bí 1930, sísè akpeteshie ní ìkọ̀kọ̀ gbilẹ̀. Emmanuel Akyeampong sọ púpọ̀ nípa èyí nínú ìwé rẹ̀, Drink, Power, and Cultural Change, tó jáde ní 1996. Ó bọ́gbọ́n mu pé ohun tí ọlọ́pàá ń wá kiri, ife tó ṣeé mu tán kíákíá ló máa bá a lọ. Tot Accra àti gíláàsì kékeré New York kò bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọgbọ́n àwọn méjèèjì já sí: ìwọ̀n tí ẹnì kan lè mu tán kí ọtí tó yí padà.

Kékeré nìkan kọ́ sì ni ìwọ̀n. Igbá ni wọ́n fi ń mu pito, igbá náà sì tóbi, nítorí ọtí ọkà yìí kò le, àwọn mìíràn sì fẹ́ ẹ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Igbá kì í tètè jẹ́ kí ooru jáde, kì í sì í jó èèyàn lọ́wọ́. Ahá tí Yorùbá fi ń mu ẹmu náà kò yàtọ̀. Ẹ tún wo Chapman. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Sam Alamutu, agbọ́tí Ikoyi Club ní Èkó, ló kọ́kọ́ po ó fún ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Chapman: Fanta, Sprite, omi dídùn pupa, bítà Angostura, pẹ̀lú kùkúńbà gígé. Ife ńlá ọlọ́wọ́ ni wọ́n fi ń gbé e wá, ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí yìnyín wà nínú rẹ̀, omi ló sì pọ̀ jù. Ẹni tó bá da Chapman sínú gíláàsì Nick and Nora ti ṣẹ̀ sí Chapman, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó da màtínì sínú ife ńlá ti ṣẹ̀ sí màtínì.

Níhìn-ín ni a ti ní ẹjọ́ bá ọ̀pọ̀ ilé ọtí ìgbàlódé wa, ní Accra àti ní Èkó. Àwọn kan ti ń fi ọtí ilẹ̀ wa po kọ́kítéèlì báyìí. Republic Bar ní Osu, ní Accra, di olókìkí nítorí akpeteshie tó ń lò. Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ohun èlò, òkè òkun nìkan ni ojú ọ̀pọ̀ wọn ń wò. Wọn a ra gíláàsì àtijọ́ láti Yúróòpù, wọn a sì sọ gíláàsì tot tí bàbá àgbà fi mutí nù. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò onígun mẹ́rin tí wọ́n fi ń kó schnapps Hóláńdì wá sí etíkun wa. Dmitri van den Bersselaar ti fi hàn nínú The King of Drink (2007) bí ọtí yìí ṣe kúrò ní ọjà tuntun tó di ohun ìtasílẹ̀ àti ètùtù. Ìdí ìgò rẹ̀ tín-ín-rín ju èjìká rẹ̀ lọ, ó sì ń tò pọ̀ ṣinṣin nínú àpótí. Ohun àtijọ́ ni òun náà, ilẹ̀ wa ló sì ti gbó.

Gíláàsì fúnra rẹ̀ kò sì ti òkun dé bá wa ní òfìfo. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti hú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, wọ́n sì tẹ èsì àyẹ̀wò rẹ̀ jáde ní 2017: àkópọ̀ gíláàsì náà fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí àwọn Potogí tó dé. Títí di òní, ní Odumase-Krobo, ní Ghana, àwọn alágbẹ̀dẹ ìlẹ̀kẹ̀ ń gún ìgò àfọ́kù lẹ́búlẹ́bú. Wọn a dà á sínú mọ́ọ̀dù amọ̀, wọn a ki igi ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín rẹ̀ kí ó lè jóná kí ihò sì kù síbẹ̀, wọn a wá sun ún nínú iná. Agbọ́tí Madina tí gíláàsì àtijọ́ bá fọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò jìnnà sí ibi tí àfọ́kù náà ti lè wúlò, bí kò bá ṣáà ti ní òjé nínú.

Nǹkan tó ń lé gíláàsì tot lọ báyìí ni ọtí inú ọ̀rá. Ọ̀rá kò ní òṣùwọ̀n tí ojú ń rí, ọmọdé lè fi í sápò, kò sì sí agbọ́tí tí yóò sọ pé ó tó. Ní Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dè é ní oṣù kejì ọdún 2024, àríyànjiyàn rẹ̀ kò sì kéré. Kí àwọn tó ń ṣe àkójọ nǹkan àtijọ́ fún Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Accra àti fún yàrá ìkóhunsí Legon wá gíláàsì tot, igbá pito àti ìgò schnapps báyìí, nígbà tí àwọn tó fi wọ́n mutí ṣì wà láàyè tí wọ́n lè sọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Kí agbọ́tí tó bá fẹ́ ra gíláàsì tuntun sì kọ́kọ́ da omi mílílítà 100 sínú rẹ̀. Bí omi náà kò bá dé ìdajì, kó má rà á fún màtínì.