Aṣọ Ẹbí: Láti Orí Gbèsè Dé Orí Èrè

Kíkí tí a fi ń pàdé ẹni tó ń gbéyàwó fún ọmọ tàbí tó ń sìnkú àgbà ni "Ẹ kú ìnáwó." Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀ náà bò rárá. Orúkọ tí a fún ayẹyẹ gan-an ni ìnáwó, bí ẹni pé owó tó ń jáde lápò ni a pé jọ wá wò. Ẹni tó bá sọ pé òun ní ìnáwó lóṣù tó ń bọ̀ kò tíì dárúkọ kọ́bọ̀ kan, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ti ń ronú kan àpò ara wọn. Nítorí náà, nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí oníwàásù tó fi àṣà sí apá kan, tó fi ọrọ̀ ajé sí apá kejì, tó wá ń ṣọ̀fọ̀ pé owó ti ba àṣà jẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi pé kò fetí sí èdè tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Owó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú àṣà wa. Ohun tó yẹ kí a bèèrè ni ọ̀nà tó gbà wọlé, àti ohun tó ń ṣe fún àwọn ènìyàn tó bá nílé.

Aṣọ ẹbí ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ìnáwó fi ń wọ ilé ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀. Òdù ni, kì í ṣe àìmọ̀ olóko, n kò sì ní pẹ́ lórí bí ó ti rí. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì bá a mu, ẹbí ló ń wọ̀ ọ́. Bí àgbà bá papò dà ní agboolé, àwọn ọmọ olóògbé a mú aṣọ tiwọn, àwọn ìyàwó ilé a mú tiwọn, ẹgbẹ́ tí olóògbé ń ṣe a sì mú òmíràn, tó fi jẹ́ pé àlejò tó dúró lójú ọ̀nà lè ka ìdílé náà bí ẹni ń kàwé. Ó mọ ẹni tí a bí sílé, ó mọ ẹni tí a fẹ́ wọlé, ó mọ ẹni tó bá òkú jẹun nígbà ayé rẹ̀. Èyí wà nínú ohun tí àwọn àgbà ń wí nígbà tí wọ́n ní ènìyàn laṣọ.

Ohun tí ojú àlejò kò rí ni gbèsè tó wà nínú aṣọ náà. Ẹni tó ra aṣọ ìnáwó mi lónìí ń retí pé n óò ra tirẹ̀ lọ́la. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé, kò sì sẹ́ni tó gbàgbé. Ìyá lè kú kí ọmọ rẹ̀ tó san án padà fún ọmọ ẹni tó ṣe é fún un. Ó fara jọ èésú, tí Samuel Johnson ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921: gbogbo ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó o bó bá ti yí kàn án. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èésú ní òpin. Bí gbogbo ọwọ́ bá ti kó o tán, ẹgbẹ́ lè tú ká. Gbèsè aṣọ ẹbí kì í tán, àìtán rẹ̀ gan-an ni ó sì fi ń di ẹbí mú.

Aṣọ àti gbèsè ti mọ ara wọn tipẹ́ ní ilẹ̀ wa. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí a ń pè ní òṣómàáló kó aṣọ kiri ìlú àti abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó díẹ̀díẹ̀. Orúkọ wọn ló sọ ìyókù: bí onígbèsè kò bá san án, lórí òṣòó ni wọn yóò wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. (Àwọn Ìjẹ̀ṣà kò bínú sí orúkọ náà; wọ́n ti sọ ọ́ di oríkì.) Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣómàáló bá gba owó rẹ̀ tán, ó dìde, ó ń lọ.

Àwọn tó ń pe ìnáwó ní ìfiṣòfò kò wo ẹni tó ń jẹun nídìí rẹ̀. Aṣọ òkè kò sí nínú ohun tí akọ̀wé ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́; bí ìgbéyàwó kò bá sí, ta ni yóò ra sányán àti àlàárì lọ́wọ́ ahunṣọ Ìṣẹ́yìn? Ẹ ka àwọn aládìrẹ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta mọ́ ọn, ẹ ka aránṣọ, alásè, onílù, ayàwòrán àti ẹni tó ń fi àga àti àgọ́ háyà. Nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Ògùn àti Abuja ní òpin oṣù kẹta 2020 nítorí àrùn kòrónà, tí àpèjẹ sì dáwọ́ dúró, ojú àwọn wọ̀nyí rí màbo. Lóòótọ́, owó náà kì í dúró sílé pátá. Púpọ̀ nínú léèsì tí a ti fi ń yangàn láti àwọn ọdún 1960, ìlú Lustenau àti agbègbè rẹ̀ ní Austria ló ti wá. Ankara tí àwọn gbajúmọ̀ ń du, ilé-iṣẹ́ Vlisco tí a dá sílẹ̀ ní 1846 ní Helmond, ní Netherlands, ló ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará Lustenau mọ ohun tí ọmọ Èkó fẹ́ wọ̀ ju bí ọmọ Èkó ti mọ orúkọ ìlú wọn lọ.

Ẹ̀sùn tèmi yàtọ̀. Nínú gbogbo aṣọ tí Yorùbá ń rà, aṣọ ẹbí nìkan ni a kì í ná. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, "ná", ni a fi ń sọ pé a lo owó, òun náà ni a sì fi ń sọ pé a dúnàádúrà lórí ọjà. Ní Gbági tàbí ní Balógun, ẹni tó bá san iye tí òǹtajà kọ́kọ́ pè, àjèjì ni wọn yóò kà á sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa bá gbé aṣọ kalẹ̀ tó ní iye báyìí ni, ta ni yóò la ẹnu pé kó dín in? Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀. Àyè tí ọ̀wọ̀ ṣí sílẹ̀ yìí ni èrè gbà wọlé. A ra aṣọ lọ́pọ̀ ní ẹ̀dínwó, a gé e ní yáàdì márùn-ún márùn-ún, a lé owó lé e, a sì fi owó orí rẹ̀ san owó gbọ̀ngàn tàbí ti oúnjẹ. Àwọn tó ń ṣe é ní ìrànlọ́wọ́ ni, àti pé ìnáwó ti wọ́n ju ohun tí agbára ẹnì kan ká. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má jèrè. Alájọ tó ń gba owó kiri ọjà ń jèrè: nínú owó oṣù kan, ti ọjọ́ kan ni tirẹ̀, oníbàárà rẹ̀ sì ti mọ̀ kó tó dá kọ́bọ̀ àkọ́kọ́. Èrè aṣọ ẹbí kò lójú. Ẹni tó san owó rò pé òun ran ẹbí lọ́wọ́. Ẹni tó gbà á mọ̀ pé òun tajà. Àwọn méjèèjì kò sí nínú ìṣe kan náà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ kan náà wà lára wọn.

Kí ló wá dé bá gbèsè àtijọ́? Ọjà tí a bá ti san owó rẹ̀ ti tán. Lónìí, àwòrán aṣọ ń bọ̀ lórí WhatsApp pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì àti ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé. Lóde, àmì ẹbí di ìwé ìwọlé: ẹni tó wọ̀ ọ́ ni a kọ́kọ́ gbé oúnjẹ fún, òun náà ni ẹ̀bùn ìrántí tọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá tí kò rà á lè jókòó lẹ́yìn, kí ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó jókòó níwájú. Àlejò tó dúró lójú ọ̀nà kò lè ka ìdílé mọ́; àpò ni ó ń kà.

Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní 2024 ni ₦70,000. Kò ṣòro láti rí aṣọ ẹbí léèsì kan tó ju bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó kan owó aránṣọ. Olùkọ́ tí ìwé ìpè mẹ́ta bá dé bá lóṣù kan lè yáwó, ó lè wọ aṣọ ara rẹ̀ lọ kí wọ́n máa wò ó, ó sì lè purọ́ pé òun ń rìnrìn-àjò. Irọ́ yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì dùn mí jù. Àbúrò kò sí níbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí yáàdì márùn-ún; bí ọjọ́ tirẹ̀ bá pé, ojú a máa tì í láti pe àwọn tí kò bá ná tiwọn.

Àwọn ẹbí kan ti ń wá ọ̀nà àbáyọ. Gèlè àti fìlà nìkan ni àwọn kan ń tà. Àwọn mìíràn dárúkọ àwọ̀ méjì, kí kálukú wá èyí tó ní nínú àpótí. Mo fara mọ́ ti ìkẹyìn yìí ju ti gèlè lọ, nítorí pé a lè lé owó lé gèlè náà. Síbẹ̀ kò ṣàìní àbùkù: ahunṣọ Ìṣẹ́yìn kò rí nǹkan kan jẹ nínú aṣọ àpótí. Bí ó bá ṣe tèmi, kí a máa ta aṣọ náà lọ, ṣùgbọ́n kí a kọ iye tí a rà á sórí ìwé, kí a sì kọ ohun tí a lé lé e sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ran ẹbí lọ́wọ́ yóò mọ iye tí òun fi ràn án, yóò sì lè bèèrè, láìsí ìtìjú, pé kí wọ́n dín in díẹ̀.